Makaróònì àti chickpea láìsí ẹran, láìsí ẹja: kí ló dé tí ọbẹ̀ rẹ̀ kì í ki?

Ajẹ̀fọ́_Bódìjà (5:12 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé ìdáná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Nílé wa, a kì í jẹ ẹran, a kì í jẹ ẹja, edé pàápàá kì í wọ ìkòkò wa. Oúnjẹ tí mo fẹ́ máa sè lálẹ́ ni èyí tí àwọn ará Ítálì ń pè ní pasta e ceci: makaróònì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà chickpea, tí ọbẹ̀ rẹ̀ máa ń ki bí ògì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rò. Ìṣẹ́jú 40 péré ni mo ní kí àwọn ọmọ tó máa béèrè oúnjẹ.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo bọ odidi páálí makaróònì kan (gíráàmù 500), mo sẹ́ omi rẹ̀ dànù, mo fi omi tútù ṣàn án. Mo lọ tòmátò tútù pọ̀ mọ́ àlùbọ́sà, mo dín in. Mo ṣí agolo chickpea méjì, mo da omi inú rẹ̀ nù, mo kó ẹ̀wà náà sínú ọbẹ̀. Nígbà tó ń hó gidigidi ni mo da mílíìkì alágolo kan sí i, mo wá kó makaróònì lé e lórí.

Nǹkan mẹ́ta ló bàjẹ́. Mílíìkì náà di wóró-wóró. Ẹ̀wà náà dá dúró bí òkúta wẹ́wẹ́, kò bá ọbẹ̀ rẹ́. Kí n tó bù ú tán, makaróònì ti fa gbogbo omi mu, ó wú, ó sì rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáná_Peckham (5:20)

Omi tí ẹ sẹ́ dànù yẹn gan-an ni ọbẹ̀ yín. Ẹ má fi omi ṣan makaróònì mọ́, ẹ má sì da omi inú agolo chickpea nù. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ti da ohun tó ń mú ọbẹ̀ ki nù kí ẹ tó wá máa wá mílíìkì kiri.

Ìkòkò_Kan (5:48)

Àbúrò mi, ìkòkò kan ṣoṣo ni oúnjẹ yìí ń fẹ́. Ní Róòmù àti gbogbo agbègbè Lazio, inú omi ẹ̀wà ni wọ́n ti ń se pasta rẹ̀, wọn kì í fi mílíìkì sí i rárá. Ẹ̀wà tí wọ́n fọ́ àti sítáàṣì tó ń jáde lára pasta ló ń mú un ki.

Fún èèyàn mẹ́rin, ẹ wá agolo chickpea méjì tó jẹ́ gíráàmù 400 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá sẹ́ agolo kan, ẹ̀wà inú rẹ̀ á tó gíráàmù 240, ìyókù jẹ́ omi, a sì fẹ́ omi náà. Pasta kékeré gíráàmù 250 ti tó. Èyí tí wọ́n ń pè ní ditalini ló dára jù, nítorí pé kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, ṣíbí kan á bu méjèèjì pọ̀. Tí kò bá sí, ẹ lo makaróònì kékeré, tàbí kí ẹ ṣẹ́ sìpàgẹ́tì sí wẹ́wẹ́ bí ìka ọwọ́ kan. Gíráàmù 500 tí ẹ lò yẹn pọ̀ jù fún agolo méjì, kò sí bí kò ṣe ní fa ọbẹ̀ gbẹ.

Ìyókù: òróró ólífì ṣíbí ìjẹun 4, aáyù ọmọ mẹ́rin tí a fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ tẹ̀ fọ́, ewé rosemary ẹ̀ka kan, ata gbígbẹ ìwọ̀n tí ẹ fẹ́, tòmátò alágolo tó ki ṣíbí ìjẹun 2, omi gbígbóná mílílítà 900.

Ẹ gbé ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn kaná, kí iná má pọ̀. Ẹ da òróró, aáyù, rosemary àti ata sí i lẹ́ẹ̀kan náà, kí òróró má tíì gbóná, kí òórùn wọn lè wọ inú rẹ̀. Tí aáyù bá ti ń ní àwọ̀ bí ti èèpo ẹ̀pà, ó tó. Ẹ má jẹ́ kó dúdú, kíkorò rẹ̀ á wọ gbogbo ìkòkò, kò sì sí ohun tí ẹ lè fi yọ ọ́. Ẹ fi tòmátò alágolo sí i, ẹ máa fi ṣíbí onígi tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ìkòkò fún ìṣẹ́jú 2, títí pupa rẹ̀ yóò fi ṣókùnkùn bíi ti bíríkì, tí òróró á sì yọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni kíkan rẹ̀ ti ń lọ.

Ẹ da chickpea sí i tòun ti omi inú agolo, pẹ̀lú omi gbígbóná náà. Kó hó fún ìṣẹ́jú 8 sí 10. Ẹ yọ igi rosemary kúrò. Ẹ wá bu ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀wà náà pẹ̀lú ife omi rẹ̀ kan, ẹ lọ̀ ọ́ kó kúnná, ẹ dà á padà. Ìgbà yìí ni kí ẹ tọ́ iyọ̀ wò, torí iyọ̀ ti wà nínú omi ọ̀pọ̀ agolo tẹ́lẹ̀. Nígbà tó bá tún hó ni kí ẹ da pasta sí i. Ẹ máa rò ó débi ìdí ìkòkò ní ìṣẹ́jú méjì-méjì. Iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára páálí, ẹ yọ 2 kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ sì sọ ìkòkò kalẹ̀ nígbà tí ọbẹ̀ ṣì dà bí ẹni pé ó ṣàn jù. Ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 5. Á ki fúnra rẹ̀.

Ìyá_Alákàrà_Badagry (6:05)

Ẹ̀gbọ́n Ìkòkò_Kan, ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀. Makaróònì tí wọ́n ń wọ̀n lọ́jà látinú àpò ńlá, eruku ń bẹ lára rẹ̀, nígbà míì kòkòrò pàápàá. Ẹni tó bá dà á sọ́bẹ̀ láìbọ̀, eruku ló ń jẹ. Lọ́nà kejì, tí wọ́n bá sè é nínú ọbẹ̀ tààrà, ìfófòó rẹ̀ máa ń ru bo iná, ìdí ìkòkò á sì jóná. Kí wọ́n bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 3, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n wá parí rẹ̀ nínú ọbẹ̀. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Olùkọ́_Kẹ́mísìrì (6:17)

Ìyá wa, ẹ̀rù eruku yẹn tọ́, àmọ́ bíbọ̀ kọ́ ni oògùn rẹ̀. Sítáàṣì tó wà lójú ara pasta ló kọ́kọ́ ń tú sínú omi. Ẹni tó bá bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 3, tó sì da omi náà nù, ti da èyí tó pọ̀ jù nù. Ẹ wo ògì: nínú omi tútù, funfun lásán ni, á rọlẹ̀ sísàlẹ̀ àwo. Ìgbà tí omi gbígbóná bá bò ó ni hóró sítáàṣì rẹ̀ ń wú, tó ń fa omi mọ́ra, tó fi ń ki. Ìwọ̀n ooru 60 sí 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wíwú náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò pasta.

Tó bá jẹ́ ti àpò ọjà, ẹ ṣà á, ẹ fi ajọ̀ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ sì fi omi tútù ṣàn án kíákíá nígbà tó ṣì gbẹ, kó tó débi iná. Ìṣẹ́jú àáyá 10 ti tó. Ẹ má jẹ́ kó jókòó sínú omi. Omi tútù yẹn kò lè yọ sítáàṣì rẹ̀ bí omi híhó ṣe ń yọ ọ́.

Ìfófòó ní tirẹ̀, ìdérí ló ń fà á. Ẹ ṣí ìkòkò sílẹ̀ tí pasta bá ti wọlé, kí ìkòkò sì tóbi tó débi pé ohun inú rẹ̀ kò ju ìdajì lọ.

Ìyá_Alákàrà_Badagry (6:24)

Ṣíṣàn kí ó tó débi iná, mo gba ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi àlìkámà líle ṣe, durum, ló lè fara da ọbẹ̀. Èyí tí wọ́n fi fúláwà rírọ̀ ṣe á ti tú ká kí ìṣẹ́jú 7 tó pé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú èyí ni Ajẹ̀fọ́_Bódìjà rà.

Olùkọ́_Kẹ́mísìrì (6:40)

Ó kù ọ̀rọ̀ mílíìkì. Kíkan tòmátò àti iná tó pọ̀ ló pàdé lórí rẹ̀. Purotéènì inú mílíìkì kì í fẹ́ kíkan. Tí ooru bá tún kún un, á so mọ́ra, á di wóró-wóró, omi á yà sọ́tọ̀. Bí ọ̀rá inú wàrà bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe lè fara dà á tó. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n ń pè ní double cream gbọ́dọ̀ ní ọ̀rá tí kò dín ní ìdá 48 nínú 100, single cream sì jẹ́ 18. Ti àkọ́kọ́ lè hó pẹ̀lú tòmátò láìyapa, ti kejì á yapa. Ọ̀rá mílíìkì alágolo tiwa kéré sí méjèèjì.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ mílíìkì: ẹ dín tòmátò dáadáa bí Ìkòkò_Kan ṣe wí, ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀, ẹ jẹ́ kó dákẹ́ híhó. Ẹ bu ọbẹ̀ gbígbóná ṣíbí ìpọnbẹ̀ kan sínú mílíìkì nínú abọ́, ẹ rò ó, kí ẹ tó da gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ má gbé e kaná mọ́.

Ewébẹ̀_Houston (6:58)

Mílíìkì kò pọn dandan. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tí kì í fẹnu kan wàrà rárá ni ẹ̀pà kajú: gíráàmù 60 tí wọn kò fi iyọ̀ yan, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi mílílítà 150 títí kò fi ní hóró kankan lọ́wọ́. Àárín ìṣẹ́jú 20 yẹn náà ni ẹ̀wà àti pasta ń hó, kò fi àkókò yín ṣòfò. Kì í yapa bí mílíìkì. Ẹ̀pà lásán kò lè rọ́pò rẹ̀ o, adùn ẹ̀pà á bo ti chickpea mọ́lẹ̀.

Nǹkan mìíràn tí ẹnì kankan kò tíì mẹ́nu bà: àwọn ará Róòmù máa ń fi ẹja alici sínú òróró pẹ̀lú aáyù. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìdáná, ẹ ó rí i níbẹ̀ láìsí àlàyé pé ẹja ni. Wọ́n tún máa ń fá wàràkàṣì lé e lórí. Ajẹ̀fọ́ tó bá ń ṣọ́ra gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Parmigiano Reggiano tòótọ́ (ojúlówó Parmesan), oje inú ikùn ọmọ màlúù ni wọ́n fi ń mú un dì. Pecorino Romano, ti ọmọ àgùntàn. Kò sí oríṣi méjèèjì tó yàtọ̀ sí bẹ́ẹ̀, nítorí òfin ìpèsè wọn ló sọ ọ́. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó bá ajẹ̀fọ́ mu.

Ajẹ̀fọ́_Bódìjà (7:10)

Háà! Parmesan wà nínú fíríìjì mi báyìí. Ẹ ṣeun púpọ̀. Kí wá ni kí n fi rọ́pò ẹja àti wàràkàṣì yẹn, kí ọbẹ̀ má bàa tẹ́?

Ẹlẹ́wà_Ìwó (7:16)

Irú. Irú pẹ̀tẹ́, ṣíbí tíì kan, ẹ fi sínú òróró nígbà tí aáyù bá ń pọ́n, kó dín fún ìṣẹ́jú kan. Iṣẹ́ tí ẹja alici ń ṣe nínú ìkòkò wọn, òun náà ni irú ń ṣe nínú tiwa.

Ìkòkò_Kan (7:21)

Ṣíbí tíì kan pọ̀ jù fún ìwọ̀n tí mo kọ. Chickpea kì í pariwo, irú á gba ẹnu rẹ̀. Ìdajì ṣíbí tíì, irú wóró tí ẹ fọ̀ mọ́ tí ẹ sì gún, ni màá fi sí i. Tí irú bá ti wọlé, kí rosemary má wọlé. Àwọn méjèèjì kì í gbé inú ìkòkò kan.

Ẹlẹ́wà_Ìwó (7:25)

Ó dáa, ìdajì fún ẹni tí irú jẹ́ àjèjì sí. Ní ti ewé, ẹni tí kò bá rí rosemary lè lo ẹfinrin, àmọ́ wọn kì í wọlé lásìkò kan náà. Rosemary ń fẹ́ wà nínú òróró láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹfinrin tó bá pẹ́ lórí iná á korò, òórùn rẹ̀ á sì dà bí oògùn. Ewé 4 tàbí 5 péré, kí ẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, kí ẹ wọ́n ọn lé e lórí lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ ìkòkò kalẹ̀.

Ní ti wàràkàṣì, wàrà Fúlàní ni kí ẹ rà. Oje ewé bọmubọmu ni wọ́n fi ń mú un dì, kò sí ti ẹran níbẹ̀. Kì í yọ́ lórí iná o, nítorí náà ẹ má retí pé á mú ọbẹ̀ ki. Ẹ gé e bí ọmọ ayò, ẹ dín in kó pọ́n lójú, ẹ kó o lé orí àwo. Ẹ ṣọ́ mágí náà: ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ọ̀rá adìẹ tàbí edé nínú, ara páálí rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Èmi kò tiẹ̀ rí ìdí tí ẹni tó wà ní Ìbàdàn á fi máa wá chickpea alágolo. Ẹ̀wà olóyin wà níbẹ̀. Ó máa ń tú ká fúnra rẹ̀, ó dùn, kò nílò bílẹ́ńdà. Ẹ sè é títí á fi rọ̀ bíi ti ẹ̀wà àgànyìn, ẹ fi ìjábẹ̀ jà á nínú ìkòkò bí ẹni ń ja ewédú, ẹ bu omi sí i, ẹ da makaróònì sí i.

Ìdáná_Peckham (7:34)

Ẹ̀wà olóyin dára, ṣùgbọ́n oúnjẹ mìíràn ni yóò dà. Dídùn rẹ̀ pọ̀, àwọ̀ rẹ̀ á ṣókùnkùn, èèpo rẹ̀ á sì máa léfòó kiri. Tí ẹ bá fẹ́ kó funfun kó sì kúnná, ọ̀nà gbẹ̀gìrì ni kí ẹ tọ̀: ẹ rẹ ẹ̀wà funfun sómi fún ìṣẹ́jú 15, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ sè é títí yóò fi fọ́, ẹ jà á, ẹ fi ajọ̀ sẹ́ ẹ. Ìyẹn kúnná ju chickpea tí wọ́n fi bílẹ́ńdà lọ̀ lọ. Àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú 40, àfi tí ẹ bá ti sè é sílẹ̀ láti òpin ọ̀sẹ̀.

Ohun tó yá jù fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kún ni lentil pupa, èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Íńdíà. Kò ní èèpo, kò nílò rírẹ, ìṣẹ́jú 15 sí 20 ló fi ń fọ́ tán. Gíráàmù 100 nínú ìkòkò Ìkòkò_Kan, pẹ̀lú agolo chickpea kan dípò méjì, á ki láìlọ ohunkóhun. Ẹ fi omi mílílítà 200 kún un nítorí lentil náà á fa omi.

Ajẹ̀fọ́_Bódìjà (7:41)

Ó wù mí kí n máa ra chickpea gbígbẹ, agolo ń gbówó lórí. Mo sè é rí, wákàtí méjì kọjá kò rọ̀. Tòmátò wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má bàa pọ̀ níṣẹ́.

Ìdáná_Peckham (7:55)

Tòmátò yẹn ló mú un le. Kíkan kì í jẹ́ kí ara ẹ̀wà tú. Ẹ má fi tòmátò, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ohun kíkan kankan sí i títí ẹyọ ẹ̀wà kan á fi lè fọ́ láàárín ahọ́n àti àjà ẹnu yín láìlo eyín.

Omi náà ní tirẹ̀ nínú. Omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù le, ó ní kálísíọ̀mù púpọ̀, kálísíọ̀mù náà sì máa ń di èèpo ẹ̀wà mú. Omi kànga níbòmíràn nílé náà lè rí bẹ́ẹ̀: tí ọṣẹ kò bá hó dáadáa nínú omi yín, tí kẹ́tùrù yín sì ń ní èépá funfun nínú, omi líle nìyẹn. Iyọ̀ ń ràn án lọ́wọ́ lòdì sí ohun tí wọ́n sọ fún wa pé iyọ̀ ń mú ẹ̀wà le. Ẹ rẹ gíráàmù 250 mọ́jú nínú omi lítà kan àti ààbọ̀ pẹ̀lú iyọ̀ ṣíbí ìjẹun kan, wákàtí 8 sí 12. Ẹ da omi náà nù, ẹ fi omi mìíràn sè é pẹ̀lú baking soda, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì. Wákàtí kan, tàbí díẹ̀ lé e, á rọ̀. Nínú ìkòkò pressure, ìṣẹ́jú 15 sí 20 lẹ́yìn tó bá ti súfèé. Gíráàmù 250 gbígbẹ á tó agolo méjì, á tún kù díẹ̀.

Ẹlẹ́wà_Ìwó (8:02)

Kán-ún ń ṣe iṣẹ́ tí baking soda ń ṣe, láti ìgbà àwọn ìyá wa. Èyí tó tó èékánná ìka kékeré ti tó fún ìwọ̀n yẹn.

Olùkọ́_Kẹ́mísìrì (8:09)

Iṣẹ́ kan náà ni, òótọ́ ni, àmọ́ kán-ún ṣòro láti wọ̀n, torí agbára òkúta kan kì í bá ti èkejì dọ́gba. Tó bá pọ̀ jù, ẹ̀wà á ní adùn ọṣẹ, fítámì B1 inú rẹ̀ á sì bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ tó kan oúnjẹ yìí gan-an ni pé omi tó ní kán-ún tàbí sódà máa ń mú kí pasta rọ̀ jù. Ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ sẹ́ ẹ̀wà náà, kó fi omi gbígbóná mìíràn se pasta. Ẹni tí kò bá lò ó ló lè lo omi ẹ̀wà náà tààrà.

Bí chickpea bá ti pé ọdún méjì, mẹ́ta nínú àpò, kò sí oògùn rẹ̀. Ẹ ra ti ṣọ́ọ̀bù tí ọjà rẹ̀ ń tà kíákíá.

Ewébẹ̀_Houston (8:15)

Ẹ jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ kan sí i kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹ̀wà pupa tó rí bíi kíndìnrín rọ́pò chickpea. Májèlé kan wà nínú rẹ̀ ní tútù. Ẹ rẹ ẹ́ ó kéré tán wákàtí 5, ẹ da omi náà nù, ẹ jẹ́ kó hó gidigidi fún ìṣẹ́jú 10, ó kéré jù, kí ẹ tó dín iná kù. Ìkòkò oníná tí ń rọra se nǹkan fún wákàtí mẹ́jọ kì í gbóná tó láti pa májèlé náà, eebi àti ìgbẹ́ gbuuru ló ń fà. Ti inú agolo kò ní wàhálà, wọ́n ti sè é.

Ajẹ̀fọ́_Bódìjà (8:22)

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè méjì ló kù. Bílẹ́ńdà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ nígbà tí mo lọ ọbẹ̀ gbígbóná nínú rẹ̀, kí ni kí n ṣe? Èkejì, ṣé mo lè di ti àná fún àwọn ọmọ lọ sílé ìwé?

Ìkòkò_Kan (8:31)

Ooru omi gbígbóná ló ń ti ìdérí bílẹ́ńdà. Ẹ má bu ohun tó ju ìdajì ife rẹ̀ lọ, ẹ yọ ọmọrí kékeré tó wà láàárín ìdérí, ẹ fi aṣọ ìnuwọ́ bò ó, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyára tó kéré jù. Tí iná ọba bá lọ, ẹ fi ìjábẹ̀ jà á tàbí kí ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí onígi tẹ ẹ̀wà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Kò ní kúnná bíi ti bílẹ́ńdà, àmọ́ á ki. Mo tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ẹ ó máa rí ẹ̀wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá rí àyè lè rọra fi ọwọ́ ra chickpea nínú omi kí èèpo rẹ̀ léfòó, kó sì kó o dànù. Á kúnná sí i. Ní alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, kò tó nǹkan tí èèyàn ń dá ara rẹ̀ lágara sí.

Ìyá_Alákàrà_Badagry (8:38)

Ti àná: ẹ má jẹ́ kí pasta sùn sínú ọbẹ̀. Kò ní yé fa omi mu, ilẹ̀ á mọ́, á ti di odindi bí ẹ̀kọ. Tí ẹ bá mọ̀ pé á ṣẹ́kù, ẹ bu ọbẹ̀ ẹ̀wà náà sọ́tọ̀ kí ẹ tó da pasta sí i, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì láàárín wákàtí méjì tí ẹ bá ti sọ ọ́ kalẹ̀, ọjọ́ 3 kò ní ṣe é. Nínú fírísà, oṣù 3. Láàárọ̀, ẹ gbé e kaná, kó hó, ẹ da pasta tuntun sí i, ìṣẹ́jú 8 lẹ ó fi parí rẹ̀. Níbi tí iná kì í dúró fún fíríìjì, ẹ má tọ́jú rẹ̀ mọ́jú, ìwọ̀n tí ẹ ó jẹ tán ni kí ẹ sè.

Èyí tó bá ti pọ̀ mọ́ra tẹ́lẹ̀, ẹ bu omi gbígbóná ìdajì ife sí i kí ẹ tó gbé e kaná, iná kékeré, kí ẹ máa rò ó. Iyọ̀ rẹ̀ á ti kú, ẹ tọ́ ọ wò.

Ewébẹ̀_Houston (8:44)

Fún ẹni tó bá fẹ́ ohun tó ń ró lẹ́nu: ní Salento, ìsàlẹ̀ Ítálì níbi gìgísẹ̀ bàtà tí àwòrán ilẹ̀ wọn jọ, wọ́n ń ṣe oríṣi kan tó ń jẹ́ ciceri e tria. Wọ́n máa ń dín ìdá kan nínú pasta náà nínú òróró kó pọ́n, kó le, wọ́n á wá dà á lé èyí tí wọ́n sè. Kò sí ẹran nínú rẹ̀, adùn rẹ̀ sì dà bí ẹni pé ẹran wà níbẹ̀. Pasta tútù tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe ni tiwọn, ìyẹn ló ń dín dáadáa. Ẹ má dín gbígbẹ tí ẹ kò sè.

Ajẹ̀fọ́_Bódìjà (9:36)

Mo ti sè é. Ìwọ̀n Ìkòkò_Kan, irú ìdajì ṣíbí tíì, kò sí rosemary, kò sí mílíìkì. Gíráàmù 250, omi 900. Iná àkọ́kọ́ dé àwo, ìṣẹ́jú 34. Tí mo bá fa ṣíbí la ìdí ìkòkò, ojú ọ̀nà tó là máa ń dúró díẹ̀ kó tó padé. Ohun kan ṣoṣo: ìdí rẹ̀ lẹ̀ díẹ̀ ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn.

Ìkòkò_Kan (9:41)

Ẹ̀wà tí ẹ lọ̀ ló ń rọlẹ̀ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn tí pasta bá ti lo ìṣẹ́jú 5, ẹ dín iná kù sí ìdajì, ẹ sì fi ṣíbí onígi tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ máa fá ìdí ìkòkò ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan dípò méjì-méjì. Tó bá ti lẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má ha á. Ẹ da ti òkè sínú ìkòkò mìíràn, kí òórùn jíjóná má bàa tẹ̀ lé e.